Bí tọkọtaya tó ti fẹ̀yìntì ṣe lè rin àwọn ìlú àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìjẹ́ kí orúnkún bínú

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá Ìbejì, ọkọ mi, fi ọdún mẹ́rìnlélógún wa bọ́ọ̀sì. Síbẹ̀, bí ẹnìkan bá bi wá nígbà náà pé kí ni a mọ̀ nípa ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí a lè sọ kò ju ọ̀nà ọsibítù, ọ̀nà ọjà Peckham àti ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú Gatwick lọ. Ìgbà tí a fẹ̀yìntì ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ká jáde lọ wo ibi tí a ń gbé.

Ìrìn àjò wa àkọ́kọ́ bàjẹ́. Ìlú mẹ́rin ní ọjọ́ mẹ́rin, nínú bọ́ọ̀sì ńlá tó kún fọ́fọ́. Wọ́n á já wa sílẹ̀ láàárọ̀, a ó sáré ya fọ́tò, a ó wá tọ́lẹ́ẹ̀tì kiri, wọ́n á tún fun fèrè pé ó yá. Nígbà tí a délé, ẹsẹ̀ Bàbá Ìbejì ti wú bíi búrẹ́dì. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n rántí nípa Bath. Wọ́n ní, “Ìlà tó wà níwájú tọ́lẹ́ẹ̀tì.”

Láti ìgbà náà ni mo ti di òfin kan mú: ó kéré tán, alẹ́ méjì ní ìlú kọ̀ọ̀kan, ohun ńlá kan ṣoṣo lójúmọ́. Kì í ṣe torí orúnkún nìkan o. Ojú méjì ni àwọn ìlú wọ̀nyí ní. Láti nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àwọn tó wá fún ọjọ́ kan ló ni wọ́n. Ṣáájú ìgbà yẹn àti lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó sùn níbẹ̀ ló ni ín. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ̀yìntì síhìn-ín bíi tiwa ni mo ń bá sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ẹ̀yin òbí tí ẹ wá láti ilé wá bá ọmọ tọ́jú ọmọ, tí ẹ ti jókòó sí pálọ̀ fún oṣù méjì tí ẹ ń wo òjò lójú fèrèsé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ìlú mẹ́ta ti tó

Àwọn ìlú àtijọ́ pọ̀ níbí ju èyí tí ẹsẹ̀ àgbà lè rìn tán lọ. Salisbury ní kàtídírà tí ṣóńṣó rẹ̀ ga ní mítà 123, kò sí ti ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn tó ga tó o ní gbogbo Britain. Chester ní odi, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù alájà méjì tí wọ́n to lé ara wọn lójú títì. Lincoln dára púpọ̀, ṣùgbọ́n Steep Hill ni orúkọ òpópónà tó gòkè lọ sí kàtídírà wọn, orúkọ yẹn kò sì parọ́. Ẹ wọ tasí gòkè, kí ẹ wá fẹsẹ̀ rìn sọ̀ kalẹ̀.

Mẹ́ta tí mo máa ń sọ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ni Canterbury, Bath àti York. Rélùwéè dé gbogbo wọn, àárín ìlú wọn kò sì tóbi jù fún ẹsẹ̀. Ẹ fún Canterbury ní alẹ́ méjì, Bath ní méjì, York ní mẹ́ta, torí pé láti York ni ẹ ó ti yà dé Durham. Ẹni tó bá ní Lọ́ńdọ̀nù bí ilé lè padà wá sùn sílé láàárín Canterbury àti Bath, bí àwa ṣe ṣe. Ẹ ó fọ aṣọ, ẹ ó jẹ ẹ̀bà, ẹ ó tún gbéra.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìgbà tí ẹ máa lọ

Oṣù karùn-ún sí àárín oṣù keje, tàbí oṣù kẹsàn-án. Nínú oṣù kẹfà, ilẹ̀ kì í ṣú títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ fi kọjá, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ lè sùn lọ́sàn-án kí ẹ tún jáde. Ẹ yẹra fún ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn nínú oṣù karùn-ún àti Ajé ìkẹyìn nínú oṣù kẹjọ. Ìsinmi gbogboogbò ni, gbogbo ayé ló ń jáde. Láti ìparí oṣù keje títí wọ oṣù kẹsàn-án ni àwọn ọmọ iléèwé wà nílé. Ọjà Kérésìmesì York àti Bath lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èrò ibẹ̀ dà bíi ti Òṣòdì.

Ọgbọ́n kan wà tó ti ràn wá lọ́wọ́: ọjọ́ Àìkú ọ̀sán ni ẹ gbéra. Àwọn tó wá lo òpin ọ̀sẹ̀ ń padà sílé nígbà náà, owó hòtẹ́ẹ̀lì sì sábà máa ń wálẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: káàdì rélùwéè, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan

Ibí ni owó ti ń jáde jù. Oríṣi káàdì méjì ló kàn wá. Senior Railcard wà fún ẹni tó ti pé ọgọ́ta ọdún. Two Together wà fún èèyàn méjì tí orúkọ àti fọ́tò wọn jọ wà lórí káàdì kan. £35 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dún, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya á lọ ra Senior méjì, £70, torí wọ́n rò pé ti àgbà ló tọ́ sí wọn. Two Together kan ṣoṣo á ṣe iṣẹ́ kan náà fún ẹ̀yin méjèèjì, bí ẹ bá ṣáà ti jọ wà nínú ọkọ̀ kan. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé kì í ṣiṣẹ́ ṣáájú aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì. Ta ló fẹ́ wọ rélùwéè ṣáájú aago mẹ́sàn-án ààbọ̀? Ṣebí a ti fẹ̀yìntì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀yin méjèèjì sí ìlú kan bá jẹ́ £120, káàdì á yọ £40. Ìrìn kan péré ti san owó káàdì, ó tún ku £5 fún tíì. Ẹni tó bá máa ń dá rin lọ sọ́dọ̀ ọmọ ni Senior yẹ. Àlejò láti Nàìjíríà náà lè ra èyí tó bá wù ú nínú méjèèjì. Páàsìpọ́ọ̀tù ló máa fi hàn.

Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Advance ló sábà máa ń dínwó jù, ó sì máa ń jáde tó ọ̀sẹ̀ méjìlá ṣáájú ọjọ́ ìrìn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan pàtó ni wọ́n so ó mọ́. Bí ẹ bá pẹ́ tí ọkọ̀ yẹn lọ, ó di bébà lásán. Nítorí náà, mo máa ń ra Advance fún ọ̀nà jíjìn nìkan, níbi tí èrè rẹ̀ ti pọ̀. Fún ọ̀nà kúkúrú bíi Canterbury, Off-Peak, tíkẹ́ẹ̀tì àkókò tí èrò kò pọ̀, tí wọn kò so mọ́ ọkọ̀ kan pàtó, ni mo ń rà, kí ẹnikẹ́ni má baà lé mi jáde nínú kàtídírà torí aago. Nígbà tí ẹ bá ń yan àga, ẹ mú èyí tó ní tábìlì, tó sún mọ́ tọ́lẹ́ẹ̀tì àmọ́ tí kò fara kàn án.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe wá. Orí fóònù Bàbá Ìbejì nìkan ni káàdì wa wà lọ́jọ́ kan. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ti ń wò láti ilé. Nígbà tí ọkùnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò dé ọ̀dọ̀ wa, fóònù ti kú. Ó bá wa sọ̀rọ̀ tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀, ó sì gba owó lọ́wọ́ wa tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, orí fóònù méjèèjì ni káàdì wà, bátìrì àgbépamọ́ sì wà nínú báàgì mi. Mi ò jẹ́ kí Bàbá Ìbejì mọ àpò tó wà.

Ohun méjì tó kù kò gba owó kankan. Àkọ́kọ́ ni Passenger Assist. Ẹ pè wọ́n tàbí kí ẹ lo áàpù wọn, ó kéré tán wákàtí méjì kí ẹ tó gbéra. Òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ á pàdé yín, á bá yín gbé àpótí, á mú yín dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, ẹlòmíràn á sì ti máa dúró dè yín níbi tí ẹ ń lọ. Kò dìgbà tí èèyàn bá wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ. Àgbà tí àpótí wúwo fún náà lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ìkejì ni Delay Repay. Bí ọkọ̀ bá pẹ́ débi iye ìṣẹ́jú tí wọ́n là sílẹ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́dọ̀ àwọn kan, ọgbọ̀n lọ́dọ̀ àwọn mìíràn, wọ́n á dá nínú owó yín padà, bí ẹ bá béèrè láàárín ọjọ́ 28. Àwa Yorùbá máa ń sọ pé “ó ti lọ náà nìyẹn.” Kò tíì lọ. Ẹ má ju tíkẹ́ẹ̀tì nù.

Ní ti bọ́ọ̀sì inú ìlú, ẹ̀yin tí ẹ ti pé ọjọ́ orí owó ìfẹ̀yìntì ìjọba tí ẹ sì ń gbé ní England, káàdì bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ yín ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo England, kì í ṣe ní àdúgbò yín nìkan: láti aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ sí mọ́kànlá alẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, àti láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Àlejò kò ní san ju £3 lọ fún ìwọ̀lé kan nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ bọ́ọ̀sì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ibi tí ẹ máa sùn

Bí hòtẹ́ẹ̀lì bá kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ilé àwọn kún fún ìtàn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí líìfù. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fọ́tò. Ẹ pè wọ́n, kí ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: ṣé líìfù wà, àjà wo ni yàrá wà, ṣé inú báàfù gíga ni èèyàn ti ń wẹ̀ tàbí ó kàn máa rìn wọlé sábẹ́ omi? Ìbéèrè kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè. Mo ti rí alàgbà nínú wọ́ọ̀dù tó fi ìbàdí rọ nítorí báàfù tó fẹ́ gun jáde. Bí wọn kò bá lè dáhùn, ẹ wá ibòmíràn.

Ẹ wá yàrá sí inú odi ìlú tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Yàrá tó wà lẹ́yìn ìlú lè dínwó ní £20, ṣùgbọ́n ẹ ó ná an fún tasí, èyí tó sì burú jù ni pé ẹ kò ní lè padà wá sùn díẹ̀ lọ́sàn-án. Oorun ọ̀sán yẹn ló gbé gbogbo ètò mi ró. Kẹ́tùlù àti tíì máa ń wà ní yàrá, ẹ fi ìyẹn kúrò nínú ẹrù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àpótí kan, oògùn lọ́wọ́

Àpótí kékeré onítáyà kan fún èèyàn kan. Bàtà tó ti mọ́ra lẹ́sẹ̀, kì í ṣe tuntun. Òkúta kóńkóló ló wà ní àwọn òpópónà àtijọ́. Ẹ̀wù òjò. Ata gígún nínú ìgò kékeré. Mi ò ní ṣàlàyé ti ata.

Inú báàgì ọwọ́ ni kí oògùn wà, pẹ̀lú bébà tí dókítà kọ. Ẹ̀yin tó wá láti ilé, ẹ ra ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò kí ẹ tó kúrò ní Nàìjíríà. Wọ́n kì í gba owó ìtọ́jú pàjáwìrì ní A&E, ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá àlejò dúró sí wọ́ọ̀dù, ìwé owó tó máa tẹ̀lé e á ju iye tó ná ọsibítù lọ: ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà. Nọ́ńbà 111 wà fún ìmọ̀ràn, 999 fún pàjáwìrì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Canterbury

Láti ibùdókọ̀ St Pancras ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ ayára kan ń lọ sí Canterbury West, nǹkan bíi wákàtí kan. Ilẹ̀ ìlú náà tẹ́jú, ìdí tí mo fi fi ṣíwájú nìyẹn: ẹsẹ̀ á ti máa gbóná bọ̀. Ẹ gba abẹ́ Westgate wọlé, ibodè àtijọ́ tó nípọn bí ilé, kí ẹ sì tẹ̀lé òpópónà kan ṣoṣo títí dé ẹnu ọ̀nà kàtídírà.

Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ kejì jẹ́ ti kàtídírà látòkè délẹ̀. Wọ́n máa ń gba owó ìwọlé lọ́wọ́ arìnrìn-àjò, ẹ lọ ní kété tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn. Níbẹ̀ ni àwọn jagunjagun mẹ́rin ti Ọba Henry Kejì ti pa Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Thomas Becket ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1170. Ní 1174, ọba fúnra rẹ̀ fi ẹsẹ̀ lásán rìn wá síbẹ̀ wá tọrọ àforíjì. Fún ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àwọn èèyàn ń rìn wá síbi ojúbọ Becket, títí Henry Kẹjọ fi ní kí wọ́n fọ́ ọ ní 1538. Àbẹ́là kan ló ń jó báyìí níbi tó wà. Ẹ wo àtẹ̀gùn òkúta tó gòkè lọ síbẹ̀. Àárín rẹ̀ ti jẹ, ó ti kótó bí ọlọ ata tí wọ́n ti lò fún ìran mẹ́ta. Orúnkún àti ẹsẹ̀ èèyàn ló ṣe bẹ́ẹ̀ sí òkúta. Bàbá Ìbejì tẹjú mọ́ ọn títí, wọ́n wá ní, “Orúnkún tèmi nìkan kọ́ ló ti jìyà.”

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ jókòó. Ẹ jókòó pẹ́, torí ibí yìí kan àwa gan-an. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, inú kàtídírà yìí ni wọ́n ti fi Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ oyè náà nínú Ìjọ Áńgílíkàn. Ọmọ Òṣogùn ni. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú nígbà tí ogun wọ ìlú wọn. Ní 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á kúrò nínú ọkọ̀ àwọn Potogí tó ń gbé e rékọjá òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Òun ló ṣíwájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì tí ìyá mi fi kọ́ mi níwèé. Kò sí ẹni tó sọ èyí fún wa nígbà tí a bá bọ́ọ̀sì ńlá wá lọ́jọ́sí. A ti gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni gba ọjà kọjá. Lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá Ìbejì ṣí fìlà, wọ́n wo òkè àjà títí, wọ́n ní, “Ìyá Ìbejì, ọmọ Òṣogùn rìn jìnnà o.”

Ní ìrọ̀lẹ́, nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀, ẹ padà wá fún ìsìn tí wọ́n ń pè ní Evensong. Ẹni tó bá wá fún ìsìn kì í san kọ́bọ̀, níbí àti ní York pẹ̀lú. Iṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta péré ni. Ẹ ó jókòó sí apá ibi tí àwọn akọrin wà, èrò ọ̀sán á ti lọ, ohùn á máa yí po nínú òkúta lókè. Ẹ yẹ íntánẹ́ẹ̀tì wọn wò fún àkókò. Nígbà tí iléèwé bá wà ní ìsinmi, àwọn akọrin wọn náà máa ń sinmi, àlejò akọrin ló máa ń gba ipò wọn.

Bí ó bá ku okun fún ọjọ́ tó tẹ̀lé e, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré lórí odò Stour. Jíjókòó ni, ẹlòmíràn ló ń wà á. Ẹ ó rí àga kan tó so rọ̀ sórí omi, irú èyí tí wọ́n fi ń ri obìnrin tí wọ́n bá ní ó lẹ́jọ́ jù. Bàbá Ìbejì fẹ́ sọ nǹkan. Mo wò wọ́n. Wọn ò sọ ọ́ mọ́.

Ìgbésẹ̀ keje: Bath

Láti ibùdókọ̀ Paddington ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan àti ààbọ̀. Ilẹ̀ Bath kò tẹ́jú. Ìsàlẹ̀ ni ibùdókọ̀, ilé ìwẹ̀ àwọn ará Róòmù àti ṣọ́ọ̀ṣì Abbey wà. Òkè ni àwọn ilé ńláńlá wà. Ẹ pín in sí ọjọ́ méjì.

Ọjọ́ ìsàlẹ̀: ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì Roman Baths sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àárín ọ̀sẹ̀ sì máa ń dínwó ju òpin ọ̀sẹ̀ lọ. Omi tó lé ní mílíọ̀nù kan lítà ló ń tú jáde láti inú ilẹ̀ lójoojúmọ́, ní ìwọ̀n 46°C, láìsí iná ẹnikẹ́ni lábẹ́ rẹ̀. Ará Èkìtì tó mọ omi gbígbóná Ìkògòsì, kò ní yà á lẹ́nu. Líìfù wà, wọ́n á sì fún yín ní ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ sí etí. Ẹ má fọwọ́ kan omi inú adágún náà, kò mọ́. Omi mímu wà lọ́tọ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì dà bí ẹni lá ìṣó.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dúró tì pẹ́ ni àwọn bébà òjé. Wọ́n rí nǹkan bí 130 nínú orísun náà. Èpè ni. Ẹni tí wọ́n bá jí aṣọ rẹ̀ níbi ìwẹ̀ á kọ ọ́ sára òjé, á ká a, á jù ú sínú omi fún òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Sulis Minerva. Ọ̀kan wà tí aṣọ òtútù rẹ̀ sọnù: ó ní kí òrìṣà má jẹ̀ẹ́ kí olè náà sùn, kó má sì bímọ, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, ẹrú tàbí ọmọ, àfi bó bá gbé aṣọ náà wá sí tẹ́ḿpìlì. Mo kà á fún Bàbá Ìbejì, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Àwọn tó wà nítòsí wò wá pé kí ló dé.

Ọjọ́ òkè: ẹ wọ bọ́ọ̀sì tàbí tasí lọ sí Royal Crescent, ilé 30 tí wọ́n kọ́ pa pọ̀ bí oṣù ìlàjì láàárín 1767 àti 1774. Lẹ́yìn náà, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ gba The Circus, àwọn ilé tí wọ́n kọ́ yípo, kọjá padà sí ìsàlẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le lè bá àwọn afinimọ̀nà Mayor, olórí ìlú, rìn. Láti 1934 ni wọ́n ti ń mú àlejò yí ìlú ká lọ́fẹ̀ẹ́, wọn kì í gba ẹ̀bùn owó pàápàá. Àmọ́ ó tó wákàtí méjì lórí ìdúró. Àwa rìn ín dé ìdajì, a dúpẹ́, a yà sílé tíì.

Ẹyọ ìtàn kan tún wà fún ẹni tó bá fẹ́ yà sẹ́yìn ìlú: Fairfield House ni Haile Selassie, Olú-ọba Etiópíà, gbé láti 1936 sí 1940 nígbà tí Ítálì gba ilẹ̀ rẹ̀. Ó fi ilé náà ta ìlú Bath lọ́rẹ lẹ́yìn náà, fún ìlò àwọn àgbàlagbà. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó lọ, kì í ṣe ojoojúmọ́ ni àlejò ń wọlé.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: York

Láti Bath, ẹ má padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ wọ ọkọ̀ dé Bristol Temple Meads, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ wá wọ ọkọ̀ kan níbẹ̀ tó ń lọ tààrà sí York. Wákàtí mẹ́rin ni, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ibí ni Advance ti wúlò. Ẹ fi wákàtí kan sílẹ̀ ní Bristol, ẹ ra oúnjẹ, torí ti inú ọkọ̀ kò ní ata, kò sì ní iyọ̀.

York gba alẹ́ mẹ́ta torí pé ìlú mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ará Róòmù tẹ̀ ẹ́ dó ní 71 Lẹ́yìn Krístì. Àwọn Viking, ajagun ojú omi láti ilẹ̀ Scandinavia, gbà á ní 866. Àwọn ọba àti bíṣọ́ọ̀bù wá kọ́ ìyókù lé e lórí. Ní York, òpópónà ni “gate”, torí “gata” ni àwọn Viking ń pe ọ̀nà. Ibodè odi ni “bar”. Ẹni tó bá ń wá ọtí kó wá pub.

Odi náà tó kìlómítà mẹ́ta àti díẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má rìn ín tán. Ẹ gun un ní Bootham Bar, kí ẹ sọ̀ ní Monk Bar. Ibẹ̀ ni York Minster, kàtídírà ìlú náà, ti máa ń hàn jù, pẹ̀lú ọgbà àwọn àlùfáà nísàlẹ̀. Àtẹ̀gùn rẹ̀ há, irin ìdìmú kò sì sí láwọn apá kan, nítorí náà kì í ṣe ọjọ́ òjò. Ẹ lọ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀.

Nínú Minster, ẹ lọ tààrà sí ìlà-oòrùn, sí fèrèsé ńlá tí John Thornton ṣe láàárín 1405 àti 1408. Ó fẹ̀ tó pápá tẹ́níìsì kan. Àga wà níwájú rẹ̀, ẹ jókòó. Àtẹ̀gùn 275 ló lọ sórí ilé ìṣọ́ àárín. Nígbà tí ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fi lọ̀ wá, Bàbá Ìbejì ní kó bá àwọn kí òkè. Ọjọ́ Àìkú láàárọ̀, ìsìn ni wọ́n ń ṣe, ẹ má gbé kámẹ́rà lọ.

Shambles ni òpópónà àwọn alápatà láyé àtijọ́. Òkè ilé ibẹ̀ tẹ̀ síwájú débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí kan ara wọn. Ẹ gbójú sókè, ẹ ó rí i pé ìkọ́ irin tí wọ́n fi ń so ẹran kọ́ ṣì wà lára ilé, àti pákó ojú fèrèsé tí wọ́n ń to ẹran sí. Lọ́sàn-án, ẹ kò ní rí ju ẹ̀yìn orí èèyàn lọ. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, àwa méjèèjì nìkan ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ológbò kan.

Ẹ má fi Yorkshire Museum sílẹ̀. Ní 1901 ni wọ́n hú sàréè obìnrin kan jáde ní ìlú náà, ará ọ̀rúndún kẹrin. Wọ́n sin ín pẹ̀lú ẹ̀gbà ọwọ́ eyín erin, ẹ̀gbà òkúta dúdú, ìlẹ̀kẹ̀ àti dígí. Àwọn onímọ̀ tó yẹ egungun rẹ̀ wò ní ó jọ pé ìran rẹ̀ wá láti Àríwá Áfíríkà. Ọlọ́rọ̀ ni, ẹ lè rí i lára ẹ̀gbà. Òun nìkan kọ́: Septimius Severus, olú-ọba Róòmù tí wọ́n bí ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Líbíà lónìí, York ló kú sí ní 211. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, aláìsàn kan bi mí pé láti ìgbà wo ni èèyàn dúdú ti ń wá síbí. Ó wù mí kí n mú un lọ wo ẹ̀gbà yẹn.

Ọ̀sán tó kù jẹ́ ti Bàbá Ìbejì: National Railway Museum, ọ̀fẹ́ ni, nítòsí ibùdókọ̀. Mallard wà níbẹ̀, ọkọ̀ rélùwéè tó ń fi ooru omi gbígbóná sáré, tó sá eré máìlì 126 ní wákàtí kan ní 1938, kò sí irú rẹ̀ mìíràn tó tíì ju ìyẹn lọ. Ẹ mú ìwé yín dání, ẹ wá àga. Àwọn ọkùnrin tó ti wakọ̀ rí kì í tètè jáde níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Durham, kí ẹ wá máa lọ sílé

Ọkọ̀ láti York kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àádọ́ta lọ. Ẹ gbé àpótí yín dání bí ẹ kò bá ní padà sí York, kí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ìpadà láti Durham tààrà sí King's Cross ní Lọ́ńdọ̀nù. Òkè ni ibùdókọ̀ wà, òkè mìíràn ni kàtídírà wà, àfonífojì wà láàárín. Tasí ni. Ọdún 1093 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ kàtídírà náà, wọn kì í gba owó ìwọlé, wọ́n kàn máa ń ní kí ẹ fi nǹkan sínú àpótí. Ẹ fi sí i. Òpó ibẹ̀ nípọn, wọ́n fín àmì sí i lára bí ìgbà tí wọ́n fín igbá, oríṣiríṣi sì ni àmì náà. Sàréè ẹni mímọ́ Cuthbert wà ní ẹ̀yìn pẹpẹ, ti Bede tó kọ ìtàn ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà ní ìpẹ̀kun kejì.

Nígbà tí ẹ bá ń padà, ẹ ti yan àga sí apá òsì nígbà tí ẹ ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Durham báyìí ló máa gun afárá gíga, gbogbo ìlú á sì yọ sísàlẹ̀ yín, kàtídírà àti ilé olódi lórí òkè. Kì í pé ìṣẹ́jú kan. Mo fọwọ́ tọ́ Bàbá Ìbejì, wọ́n rí i. Kí a tó dé Darlington, wọ́n ti sùn.